Ṣegede Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta Láàrin Oṣù Mẹ́jọ

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ìyá mi tọ́jú ṣegede fún ọmọ àbúrò mi láàrin oṣù mẹ́jọ. Búlúù ìfọṣọ ló máa ń pò, á fi ìka pa á mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́ lọ́tùn-ún lósì, á ní kò gbọdọ̀ bọ́jú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nígbà àkọ́kọ́, mo rẹ́rìn-ín, mo gba ibi iṣẹ́ mi lọ. Nígbà kejì, mo ní bóyá eyín ló ń dùn ún. Ìgbà kẹta ni mo tó rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, pé ẹni tó bá ti ṣe ṣegede lẹ́ẹ̀kan, ó ṣọ̀wọ́n kó tún ṣe é mọ́. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọ náà ló ní kí n kọ ọ́. Ó kà á látòkè délẹ̀, ó yọ ibi méjì kúrò, ó sì ní mi ò gbọdọ̀ dárúkọ òun. Lẹ́pa ni màá máa pè é, torí ohun tí gbogbo wa ń pè é nìyẹn, tó fi dé orí ìyá tó ń ta ata lójúlé kejì sí wa ní Ìjọ̀ká. Mi ò sì ní kọ iye kílò rẹ̀ síbí. Ẹni tó bá ní irú àìsàn yìí, àìsàn tó jẹ mọ́ oúnjẹ jíjẹ, bó bá rí iye kílò ẹlòmíràn, á kọ́kọ́ fi wé tirẹ̀ ná kó tó ka ìyókù.

Ọdún 2021 ló wọ yunifásítì níbí ní Àkúrẹ́. Òkìtìpupa ni àwọn òbí rẹ̀ ń gbé. Ọ̀dọ̀ mi ló wà lọ́dún àkọ́kọ́, kó tó lọ gba yàrá pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì nítòsí South Gate, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ Ẹtì tí kì í padà wálé wá fọṣọ, kó sì wá jẹun. Jíjẹun yẹn ló ń ya gbogbo èèyàn lẹ́nu.

Nílé tiwa, iyán la mọ̀ sí oúnjẹ. Lẹ́pa kò rí ti iyán rò. Ìndómì ìdì méjì pẹ̀lú ẹyin díndín méjì ni, mínírà tútù ló máa fi tì í. Kò ní í tíì tó wákàtí kan, á ti ra páfù-páfù dé nínú ọ̀rá. Bó bá di alẹ́, á jẹ gálà, á jẹ bisikíìtì, á wá ṣẹ́ṣẹ̀ máa béèrè bóyá ohun tó kù nínú ìkòkò wà fún ẹnì kan. Síbẹ̀ ikùn rẹ̀ kò yọ, ìbàdí rẹ̀ kò fẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló rí.

Àwọn obìnrin ìjọ wa á fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Lẹ́pa, kí lò ń lò gan-an? Fún wa níbẹ̀.” Á rẹ́rìn-ín, á ní, “Mi ò lo nǹkan kan o, mà. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn.” Èmi gan-an ń fi í yangàn. Mo ní bí ìyá mi ṣe rí nìyẹn nígbà ọmọge, pé ìran wa kì í sanra. Ìyá mi nìkan ni kò bá wa dá sí i. Ohun tó máa ń sọ ni pé, “Ọmọ tó ń jẹ tó báyìí tí kò hàn lára rẹ̀, aràn ló ń bá a jẹ ẹ́.” Ó ra oògùn aràn fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má fi màmá rẹ́rìn-ín o. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ló béèrè ibi tí oúnjẹ náà ń gbà lọ.

Kí àwọn ìyá tó lọ́mọ tẹ́ẹ́rẹ́ nílé má bàa gbé ọmọ wọn dìde lónìí, mo ní láti sọ ti ẹ̀gbọ́n Lẹ́pa ọkùnrin. Òun náà rí bí ọwọ́ ìgbálẹ̀, ìjẹkújẹ ni tirẹ̀ náà, kò sì sí nǹkan tó ṣe é. Nígbà tí mo fara balẹ̀ ṣọ́ ọ, mo rí i pé ohun tó ń jẹ kò pọ̀ tó bó ṣe jọ lójú. Gálà méjì àti mínírà tí gbogbo ayé ń rí lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án, oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ pátápátá nìyẹn. Kò ní í fẹnu kan nǹkan mìíràn títí di aago mẹ́jọ alẹ́, á sì ti gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n kàn bá ara tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ bàbá tàbí ìyá wọn. Iyọ̀ àti ṣúgà inú ìjẹkújẹ lè ṣe wọ́n ní jàǹbá tó bá yá, torí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í bi lẹ́pa léèrè kó tó wọlé, ṣùgbọ́n títẹ́ẹ́rẹ́ wọn fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Ẹni tó ń jẹun dáadáa tó wá ń rù, ìyẹn la máa ń yẹ̀ wò fún ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ fée, àti ẹṣẹ́ ọrùn (èyí tí òyìnbó ń pè ní thyroid) tó ń ṣiṣẹ́ kọjá bó ṣe yẹ. Lẹ́pa kò rù. Oṣù ń gorí oṣù, bákan náà ló rí. Ibẹ̀ gan-an ló ti tàn mí jẹ.

Omi ló yẹ kó ta wá lólobó. Kànga la ń fà ládùúgbò wa, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a máa ń ra omi táńkà, a sì mọ iye garawa tó ń jáde nínú dúrọ́ọ̀mù. Kété tí Lẹ́pa bá jẹun tán, á gbé omi wọ balùwẹ̀. Ó ní ooru ń mú òun. Á tan orin sókè lórí fóònù. Ìyá mi á máa ráhùn níta: “Ọmọ yìí ń wẹ̀ bí ẹja.” Izal tó yẹ kí a fi pé oṣù kan kì í tó ọ̀sẹ̀ méjì mọ́. Èmi rò pé ìmọ́tótó ni. Mo tilẹ̀ ń fi í ṣàpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ tèmi, pé kí wọ́n wo bí ẹ̀gbọ́n wọn ṣe ń fọ balùwẹ̀.

Ààwẹ̀ tún wà níbẹ̀. Bí ìjọ bá ní kí a ṣínu ní aago mẹ́ta, Lẹ́pa á fà á dé mẹ́fà. Bí wọ́n bá ní ọjọ́ mẹ́ta, á fi mẹ́rin lé e. Olùṣọ́-àgùntàn wa pè é síwájú ìjọ lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ wá wo àpẹẹrẹ. A pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ láago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, búrẹ́dì odindi kan ló wọ inú rẹ̀ kó tó kan oúnjẹ gidi. Ẹni tó gbààwẹ̀, ta ni yóò bi í pé kí ló dé tó fi jẹun púpọ̀?

Nígbà ṣegede kẹta yìí, mo mú un lọ́wọ́ kí n tó mú un lẹ́rẹ̀kẹ́. Lórí oríkèé ìka méjì ọwọ́ ọ̀tún, àpá kékeré wà níbẹ̀ tó ti le bí àtẹ́lẹsẹ̀. Ọkàn mi fò. Mo ti kà nípa irú àpá yẹn rí: orúkọ dókítà ọpọlọ kan ní London, Gerald Russell, ni wọ́n fi ń pè é, torí òun ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1979 nígbà tó sọ àìsàn kí èèyàn máa jẹ àjẹjù kó sì máa mú ara rẹ̀ bì í ní bulimia. Eyín iwájú ló ń ha ìka bẹ́ẹ̀ bí èèyàn bá ń ti ìka bọ ọ̀fun kó lè bì. Mo bi í pé, “Kí ló ṣe ọ́ níbí?” Ó wò mí lójú kòròkòrò. “Aṣọ ni mò ń fi ọwọ́ fọ̀, Mọ́mì.” Òótọ́ ni pé ọwọ́ ló fi ń fọṣọ. Mo gba èyí tó rọ̀ mí lọ́rùn nínú méjèèjì, mo lọ gbé oúnjẹ kaná.

Oṣù kejì ọdún 2023, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wọn lọ wo Òkè Ìdànrè. Àtẹ̀gùn tó lé ní ẹgbẹ̀ta ló wà níbẹ̀ kí èèyàn tó dókè, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Ọmọ Ìdànrè ni ìyá mi. Ó ní ìyá tó bí òun lọ́mọ ń fi ẹrù lórí gun òkè náà nígbà táwọn èèyàn ṣì ń gbé lókè, ó sì ti ń fi Lẹ́pa ṣẹ̀fẹ̀ láti àárọ̀ pé kó rọra. Ibi ìsinmi kejì ló ṣubú sí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dì, ló wá ní òun ò rí iwájú mọ́. Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n béèrè bóyá ó jẹun, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ó wà nínú ààwẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n fa omi ṣúgà sí i lára, wọ́n kọ oògùn ibà, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Lóru ọjọ́ yẹn ló jí mi. Ó gbé ọwọ́ mi lé àyà rẹ̀. Mo gbọ́ ọ: ọkàn náà á lù mẹ́ta, á fo ọ̀kan, á sáré, á tún dúró bí ẹni ń ronú. Ìgbà yẹn ni nọ́ọ̀sì inú mi tó jí. Mo gbé e dìde láago méjì òru, ó di ilé ìwòsàn olùkọ́ni.

Pòtásíọ́mù ló ti tán lára rẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, kò yẹ kó wá sísàlẹ̀ 3.5, tirẹ̀ kò tó 3. Òun ló ń jẹ́ kí iṣan fúnpọ̀ kó sì dẹ̀, ọkàn náà sì rèé, iṣan ni. Èébì ń gbé e lọ, ìgbẹ́ gbuuru ń gbé e lọ. Omi ṣúgà tí wọ́n fà sí i lára lọ́sàn-án tún dá kún un, torí bí ṣúgà bá ṣe ń wọ inú ara ló ń wọ́ pòtásíọ́mù tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn lọ. Wọ́n lẹ okùn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìlù ọkàn mọ́ ọn láyà, wọ́n ń fún un ní pòtásíọ́mù díẹ̀díẹ̀, dókítà kan kò kúrò nídìí ẹ̀rọ náà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Láàárọ̀, dókítà obìnrin kan wá láti ẹ̀ka ìlera ọpọlọ. Ọmọdé ni lójú mi, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n jáde. Lẹ́pa ló wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìbéèrè márùn-ún péré ni ó bi òun, ohùn jẹ́jẹ́ ló sì fi bi òun bí ẹni ń béèrè ọ̀nà. Ṣé o máa ń mú ara rẹ bì bí inú rẹ bá kún jù? Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ pé o ò káwọ́ ara rẹ mọ́ nídìí oúnjẹ? Ṣé o ti fọn tó kílò mẹ́fà láàrin oṣù mẹ́ta? Ṣé o rí ara rẹ bí ẹni tó sanra nígbà tí àwọn èèyàn ń ní o tẹ́ẹ́rẹ́? Ṣé oúnjẹ ló ń darí gbogbo ayé rẹ? Àwọn dókítà ní London ló gbé ìbéèrè yìí jáde ní 1999, ẹni tó bá sì ti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí méjì, ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Lẹ́pa ní bẹ́ẹ̀ ni sí mẹ́rin. Kò fọn, ẹ rántí.

Mo lọ kó aṣọ rẹ̀ ní yàrá wọn. Obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé wọn dá mi dúró. “Ẹ̀yin ni Mọ́mì Lẹ́pa? Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú.” Ó fà ìwé gbèsè yọ. Ojú ewé mẹ́rin ni tirẹ̀. Mo ṣì rí èyí tó wà lókè lójú mi: Ọjọ́rú, gálà 4, búrẹ́dì 1, bisikíìtì 3, ìndómì 2, mínírà 2. Alẹ́ ọjọ́ kan. Mo ní ṣé òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń gbé ni. Obìnrin náà mi orí. Ó ní ọmọ náà máa ń sọ pé àwọn jọ fẹ́ ṣe nǹkan ọjọ́ ìbí ni, títí ọjọ́ ìbí fi ń bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Náírà 17,650 ni gbogbo rẹ̀. Mo san án. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo bá páálí mẹ́ta tíì tó ń mú ikùn wọlé, irú èyí tí wọ́n ń polówó lórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp, wọ́n ní ewé lásán ni, kò lè pa èèyàn lára.

Ewé ni lóòótọ́. Sẹ́nà ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn, ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú ewé asùnwọ̀n tí àwọn bàbá wa ń lò bí ìgbẹ́ bá dì. Inú ìfun ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́. Kí oúnjẹ tó dé ìfun ńlá, ìfun kékeré ti gba ọ̀pọ̀ ohun tó fẹ́ gbà nínú rẹ̀, ó ti kó o sínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí tíì náà ń dà sílẹ̀ ni omi, iyọ̀ àti pòtásíọ́mù. Ìdí nìyẹn tí òṣùwọ̀n fi máa ń wálẹ̀ láàárọ̀ tó sì máa ń gòkè padà ní kété tí èèyàn bá mumi. Èébì pàápàá kì í kó gbogbo ohun tí èèyàn jẹ jáde. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Lẹ́pa, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní, “Ṣé asán wá ni gbogbo ẹ̀, Mọ́mì?”

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló sọ ọ́ fún mi, ojú rẹ̀ kọ ògiri. Ó ní kì í ṣe pé òun fẹ́ràn gálà. “Ti àkọ́kọ́ nìkan ni mo máa ń gbọ́ adùn rẹ̀. Tó bá ti di ìkejì, mi ò gbọ́ adùn kankan mọ́. Ńṣe ló ń dà bíi pé ẹlòmíràn ló ń fi ẹnu mi jẹun.” Tó bá tán, ìtìjú á bò ó, á lọ bì í, á búra pé lọ́la òun kò ní fẹnu kan nǹkan. Ọ̀la dé, ó gbààwẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ó tún padà síbẹ̀.

Ààwẹ̀ yẹn ni dókítà ní ó wà nídìí ọ̀rọ̀. Èmi rò pé ọ̀kánjúwà ẹnu ló fà á. Ó wá sọ ìtàn kan fún mi. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láàrin 1944 sí 1945, Ancel Keys kó ọkùnrin 36 jọ ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ara wọn le, tí wọ́n fúnra wọn yọ̀ǹda. Ó gé oúnjẹ wọn sí nǹkan bí ìdajì fún oṣù mẹ́fà. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ fi gbà wọ́n lọ́kàn pátá: wọ́n ń ka ìwé ìdáná bí ẹni ń ka ìwé ìfẹ́. Nígbà tí wọ́n dá oúnjẹ padà fún wọn, àwọn kan jẹ títí inú fi ń run wọ́n, wọ́n ní ebi ṣì ń pa àwọn. Àgbà ọkùnrin nìyẹn o, tí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn rí pé wọ́n sanra.

Wọ́n sọ fún Lẹ́pa. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà ìgbéyàwó ẹbí kan ní Oǹdó, ó sanra díẹ̀, ọ̀rọ̀bọ̀ la ń pè é nígbà yẹn. Télọ̀ tó ń wọn aṣọ ẹbí gbé tépù yí i ká, ó ní, “Ẹ wá bá mi so tépù méjì pọ̀ o!” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wọ yunifásítì, ibà jẹ̀funjẹ̀fun dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó rù, ó dé ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn ń dì mọ́ ọn: o ti wá rẹwà, ara rẹ ti wá jọ ti ọmọge. Ó ní ọjọ́ yẹn ni òun pinnu pé òun ò ní padà sẹ́yìn. Àìsàn ló gbé e dé ibi tí ìyìn wà, ó wá ń wá ọ̀nà tí yóò fi máa gbé níbẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyìn ni kí wọ́n sọ fún obìnrin pé ó sanra. Ìyàwó tuntun tó bá rù, ìdílé ọkọ rẹ̀ lójú ń tì. Ọ̀rọ̀ náà ti yí padà láìsí ẹni tó kéde rẹ̀. Ohun tó jọ ọ́ ṣẹlẹ̀ ní erékùṣù Fiji, níbi tí obìnrin tó lára ti níyì bíi tiwa. Ọdún 1995 ni tẹlifíṣọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé agbègbè Nadroga níbẹ̀. Dókítà Anne Becker bi àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé léèrè lọ́dún yẹn: kò sí ẹyọ kan tó ní òun ń bì kí òun má bàa sanra. Ó padà lọ ní 1998, wọ́n ti di 11 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún mẹ́ta péré. Ẹ wo iye wákàtí tí àwọn ọmọ wa ń lò lórí fóònù lóòjọ́.

Ìjà ńlá ló ṣẹlẹ̀ nílé lórí ìtọ́jú. Bàbá rẹ̀ ní ìwà àìmoore ni, pé ẹlòmíràn ń wá ohun tó máa jẹ. Ìyá mi gbọ́ “dókítà ọpọlọ”, ó ká ọwọ́ lérí: “Ẹ ò ní gbé ọmọ mi lọ Aró!” Ó fẹ́ kí a lọ sórí òkè àdúrà, ó ní wọ́n ń bọ́ ọ lójú oorun ni. Mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó bi mí pé, “Ṣé pé kì í ṣe aràn, kì í ṣe àjẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń bì í?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Àjẹbì nìyẹn.” Orúkọ tí a ń pè é nílé wa títí dòní nìyẹn, ó sì rọrùn fún Lẹ́pa láti pè ju ti òyìnbó lọ.

Ẹni tó bá ń retí iṣẹ́ ìyanu nínú ìtọ́jú náà, kó má retí. Aago ni. Aago méje, mẹ́wàá, ọ̀kan, mẹ́rin, méje alẹ́. Ebi pa á o, ebi ò pa á o, á jẹ díẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ láìjẹun lójúmọmọ, torí ebi ọ̀sán ló ń bí àjẹjù alẹ́. Ààwẹ̀ di èèwọ̀. Mo lọ bá olùṣọ́-àgùntàn fúnra mi, ojú tì í díẹ̀, ó ní kí n dárí ji òun, kò sì tún pe ẹnikẹ́ni síwájú nítorí ààwẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kó máa kọ ohun tó jẹ àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí sínú ìwé kan, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni dókítà sì ń bá a kà á. Wọ́n fún un ní fluoxetine, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ìwọ̀n rẹ̀ pọ̀ ju ti ìrẹ̀wẹ̀sì lásán lọ. Dókítà eyín fi hàn mí bí ẹ̀yìn eyín òkè rẹ̀ ṣe ti fẹ́lẹ́ nítorí ásíìdì inú; ó ní bó bá tún bì, omi ni kó fi yọ ẹnu, kó má fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án lójú ẹsẹ̀. Ìjẹkújẹ ńkọ́? Wọn ò lé e jáde. Ìyẹn yà mí lẹ́nu. Dókítà ní bí a bá sọ gálà di èèwọ̀, ìkọ̀kọ̀ ló máa padà sí. Kó jẹ ẹyọ kan láago mẹ́rin, lójú gbogbo ayé, lórí àga.

Ọjọ́ kẹrin tó jáwọ́ nínú bíbì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tún wú, ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀rù bà mí, dókítà ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, pé ẹṣẹ́ itọ́, ibi tí itọ́ ti ń jáde lẹ́rẹ̀kẹ́, tí wọ́n ti ń fi èébì dà láàmú máa ń wú bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, yóò lọ. Òun la ti ń pè ní ṣegede látẹ̀yìnwá. Ìyá mi ò dúró gbọ́ àlàyé. Ó ti po búlúù. Lẹ́pa na ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí i.

Wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ ló le jù. Ìgbà yẹn ni balùwẹ̀ ń pè é, bó ṣe sọ. Wọ́n ní kí a má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ tán lẹ́nu, tẹlifíṣọ̀n ò sì ràn án lọ́wọ́ torí àwọn ọmọge inú rẹ̀. Ìyá mi ló gbé ẹ̀gúsí jáde. Bí a bá ti jẹun tán, atẹ á dé àárín, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa bó o. Ẹ̀gúsí bíbó gba ọwọ́ méjèèjì, ó sì gba ojú. Ìka tó ní àpá lórí oríkèé yẹn ni mo máa ń wò, bó ṣe ń tẹ ẹ̀gúsí létí, tí èèpo á ta wọ́ọ́, tí ọmọ rẹ̀ á bọ́ sínú àwo. Oṣù mẹ́ta la fi ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ nígbà tó fi gba ìsinmi lẹ́nu ẹ̀kọ́. Ẹ̀gúsí náà pọ̀ kọjá ohun tí ilé kan lè jẹ. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kó o lọ sí Ọjà Ọba, ó ní iṣẹ́ ti dé.

Kò lọ geere. Nígbà ìdánwò ọdún 2024, ó bì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Òun fúnra rẹ̀ ló pè mí lórí fóònù, kò dúró kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sọ fún mi.

Oṣù Kejìlá ọdún náà, a lọ síbi ìkómọ kan ní Ìjàpọ̀. Ara Lẹ́pa ti kún díẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Obìnrin ìjọ wa kan, ẹni rere ni, kò ní i lọ́kàn, kígbe láti òdìkejì kánópì: “Háà, Lẹ́pa! O ti ń sanra o! Kí lò ń jẹ?” Ìyá mi dá a lóhùn kí n tó la ẹnu: “Oúnjẹ ni. Ṣé ìwọ lò ń rà á ni?” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Lẹ́pa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí bó ṣe gbé ṣíbí sílẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò títí a fi délé. Ó wọ yàrá, ó tìlẹ̀kùn.

Mo dùbúlẹ̀, mo ń gbọ́ bóyá omi máa dà ní balùwẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn mi. Òun ni, ó gbé atẹ lọ́wọ́, kóńgò ẹ̀gúsí kan wà nínú rẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká bó o.”

A jókòó sí pálọ̀. Iná ti lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù la tàn. Ó di aago kan òru kó tó lọ sùn.